Wọn ò pe orúkọ ọmọ wa

Ẹ kú ilé o. Houston la wà. Ọmọ wa ọkùnrin, ẹni ọdún 22, ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní yunifásítì. Cornerback ni, àwọn tó ń ṣọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí. Ọjọ́ mẹ́ta la fi jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nígbà tí NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ga jù, ń yan àwọn ọmọ tuntun. A se ìrẹsì, a pe ará, wọn ò pe orúkọ rẹ̀. Ní báyìí, tíìmù kan ní kó wá dánra wò. Bàbá rẹ̀ ní kó gbàgbé eré, kó lọ ka másítà. Kí lẹ rí sí i?
Màmá Táyọ̀

Màmá Táyọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo mọ bí ìrẹsì ọjọ́ yẹn ṣe ń rí lẹ́nu. A jẹ tiwa ní Maryland níbí.

Ẹ jẹ́ kó lọ. Malcolm Butler, cornerback bíi Táyọ̀, ọmọ Vicksburg ní Mississippi, kò sí lára àwọn 256 tí wọ́n yàn lọ́dún 2014. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Hinds ti yọ ọ́ kúrò nínú tíìmù nígbà kan, tó lọ ń ṣiṣẹ́ ní Popeyes, níbi tí wọ́n ti ń ta adìyẹ díndín, kó tó padà, tó sì bọ́ sí West Alabama. Ìdánwò lásán ni tíìmù Patriots pe òun náà sí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2015, ní Super Bowl, àṣekágbá NFL, ó ku yáàdì kan kí Seattle tí wọ́n ń bá gbá a wọlé, kò sì tó ìdajì ìṣẹ́jú mọ́. Irú ọgbọ́n tí Seattle fẹ́ fi ju bọ́ọ̀lù náà, àwọn Patriots ti dá a sí Butler nígbà ìgbaradì, ó sì ti kùnà. Lọ́jọ́ yìí, ó ti já síwájú kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀, ó gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Patriots borí, 28 sí 24.

Àmọ́ ẹ má tíì jó. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Super Bowl mìíràn, wọn ò jẹ́ kó ṣọ́ ẹnì kankan, wọ́n sì pàdánù. Tíìmù Tennessee wá fọwọ́ sí mílíọ̀nù 61 dọ́là fún un fún ọdún márùn-ún. Ọdún mẹ́ta ló lò kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Iye tí wọ́n kọ sínú káńtíráàtì NFL kọ́ ni iye tó ń wọ báńkì. Èyí tí wọ́n bá fi dá a lójú nìkan ni kí ẹ kà.

Ìdánwò kì í ṣe iṣẹ́, ẹ sọ fún Táyọ̀. Bí tíìmù méjì bá wá pè é, ẹni tí wọn ò yàn lè mú èyí tó wù ú, kó ka iye cornerback tí wọ́n ti ní kó tó yàn. Nǹkan bí 90 ló ń wọ ibùdó ìgbaradì tíìmù kan, 53 ló ń kù. Kó sì sáré dáadáa níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù sókè, iṣẹ́ tí àwọn gbajúmọ̀ kì í fẹ́ ṣe, torí ibẹ̀ ni irú wọn ti ń rí oúnjẹ jẹ.

Ní ti Dádì Táyọ̀, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí ọmọ gba ààyè másítà náà, kó ní kí yunifásítì fi dè é di oṣù Kìíní. Ohun tí ọmọ tiwa ṣe nìyẹn. Ìparí oṣù Kẹjọ ni tíìmù rẹ̀ ní kó máa lọ, ó sun oorun ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí oṣù Kìíní dé ó wọ kíláàsì.