Iná kọ́ ló ń jẹ́ kí gíláàsì yá nínú Minecraft

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi jọ ń gbá Minecraft, géèmù tí wọ́n ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé, lórí server kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa ń so mọ́, mo wá ń kọ́ ilé ńlá kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ògiri iwájú ẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Yanrìn wà rẹpẹtẹ lọ́wọ́ mi àmọ́ furnace, ìyẹn ìléru inú géèmù tó ń sọ yanrìn di gíláàsì, ti lọ́ra jù. Mo ti fi lava, ìyẹn òkúta yíyọ́ tó gbóná, dáná sí i, kò yá. Mo ṣe blast furnace, kò gba yanrìn. Ẹnì kan wá ní òun ní fáìlì tó máa ń jẹ́ kí furnace gbóná sí i, ₦3,000 ló pè é. Ẹ jọ̀ọ́ sà, iná wo ló gbóná jù? Àti pé ṣé red sand ni wọ́n fi ń ṣe gíláàsì pupa?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má sanwó fún ẹni yẹn. Tó o bá ti san án, owó ti lọ nìyẹn, ṣáà má fi òmíì kún un. Mo máa ṣàlàyé ìdí ẹ̀ tó bá yá.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà lẹ́yìn iléèwé, Minecraft yìí la sì fi ń kọ́ wọn ní ìṣirò, torí ẹ̀ kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan ò ní bi mí ní ìbéèrè iná yìí. Ó ti sú mi, mi ò ní purọ́. Gbogbo yín lẹ máa ń bi mí pé iná wo ló gbóná jù, bẹ́ẹ̀ nínú géèmù yẹn kò sí iná tó gbóná ju iná lọ. Kò sí. Furnace kì í wo ohun tó o fi dáná sí i, igi ni o, èédú ni o, lava ni o, sẹ́kọ́ńdù 10 ló máa fi sọ yanrìn kan di gíláàsì kan, kò ní lé, kò ní dín.

Ohun tó fi yàtọ̀ síra ni bí iná yẹn ṣe máa pẹ́ tó kó tó kú. Pákó kan ò lè sun ju yanrìn kan àtààbọ̀ lọ. Èédú kan, yálà coal tó o wà nílẹ̀ tàbí charcoal tó o fi igi sun fúnra ẹ, yanrìn 8. Blaze rod kan, ìyẹn ọ̀pá iná tí ẹ̀dá kan nínú géèmù ń já sílẹ̀, 12. Dried kelp block, ìyẹn koríko inú òkun tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n dì pọ̀, 20. Block of coal kan, 80, bẹ́ẹ̀ èédú 9 ló wà nínú ẹ̀ tó yẹ kó sun 72, o rí i pé o jèrè 8 lórí pé o dì wọ́n pọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lava kan ń sun 100. Ó dà bíi pé ìwọ ní sílíńdà gáàsì kílò 3, aládùúgbò ẹ ní ti kílò 12, kí ẹ̀yin méjèèjì wá gbé ẹ̀wà kaná lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé ẹ̀wà tiẹ̀ máa tètè jinná torí pé sílíńdà ẹ̀ tóbi ni? Gáàsì tiẹ̀ kàn máa pẹ́ kó tó tán ni. Lava tó o dà sí i yẹn, sílíńdà ńlá ni. Tó o bá wá lọ dà á sábẹ́ yanrìn 15, iná á máa jó lásán lẹ́yìn tí yanrìn bá tán, o fi ṣòfò nìyẹn, bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo nìkan ló máa kù fún ẹ.

Ti blast furnace, orúkọ ẹ̀ ló ń tàn yín jẹ. Ẹ rí i pé orúkọ ẹ̀ ní agbára, ẹ wá rò pé àgbà furnace ni. Irin àti wúrà àtàwọn nǹkan tí wọ́n ń wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú irinṣẹ́ àti aṣọ ogun onírin tẹ́ ẹ fẹ́ yọ́, ìyẹn nìkan ló ń gbà. Smoker náà, oúnjẹ nìkan. Lóòótọ́ ni pé sẹ́kọ́ńdù 5 ni àwọn méjèèjì fi ń ṣe iṣẹ́ tiwọn, àmọ́ ìlọ́po méjì ni wọ́n tún ń jẹ iná, nítorí náà èédú kan ṣì ń sun 8 níbẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ó gba yanrìn, kò ní dín èédú tó o máa ná kù rárá.

Báwo ló ṣe máa wá yá? Alásè tó fẹ́ se ìrẹsì fún èrò ìgbéyàwó, ṣé iná tó gbóná ju iná lọ ló máa ń wá kiri ni? Ìkòkò ló ń tò. Cobblestone, ìyẹn òkúta tó o gbẹ́, 8 lo fi ń ṣe furnace kan, ìyẹn ni pé cobblestone 64, èyí tó kún ojú àpò kan péré, ó ti di furnace 8 fún ẹ. Wá fi yanrìn 64 gbé e yẹ̀ wò. Nínú furnace kan, sẹ́kọ́ńdù 640 ni, ìṣẹ́jú 10 lé ní díẹ̀, o ti lè jẹ ẹ̀bà kó o tún fọ àwo. Pín in sí furnace 8, kí yanrìn 8 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èédú kan péré, sẹ́kọ́ńdù 80 gbogbo ẹ̀ ti tán, kò sì sí èédú tó ṣòfò. Òun náà nìyẹn. Kò sí àṣírí kankan lẹ́yìn ẹ̀.

Tí ọwọ́ ẹ bá ti rí irin, so hopper, ìyẹn àpótí tó ń rọ nǹkan fúnra ẹ̀, mọ́ wọn, èyí tó wà lókè á máa rọ yanrìn sí i, tẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á máa rọ èédú, tìsàlẹ̀ á máa gba gíláàsì. Àmọ́ má rìn jìnnà jù. Tó o bá ti lọ jìnnà tí kò sí ẹlòmíì nítòsí ibẹ̀, géèmù á pa apá ibẹ̀ tì, furnace á dúró síbi tó bá a dé. Sísùn náà ò ràn án lọ́wọ́, ilẹ̀ á mọ́ lóòótọ́ ṣùgbọ́n yanrìn ẹ ò tíì jinná.

Ó kan fáìlì ₦3,000. Tó bá jẹ́ orí server lẹ ti ń gbá a, kọ̀ǹpútà tó gbé server yẹn ló ń ka sẹ́kọ́ńdù furnace, kì í ṣe fóònù ẹ, kì í ṣe laptop ẹ. Fáìlì wo ló fẹ́ ti ọ̀dọ̀ ẹ yí aago tó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì padà? Tó bá jẹ́ pé ìwọ nìkan lò ń gbá tìẹ lórí Java, ìyẹn ẹ̀dà Minecraft ti kọ̀ǹpútà, data pack wà, ìyẹn fáìlì tó ń yí òfin géèmù padà, tó lè dín sẹ́kọ́ńdù yẹn kù, ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ta ló wá ń ta ọ̀fẹ́? Èyí tó tún bà mí lẹ́rù jù ni pé irú wọn máa ń ní kẹ́ ẹ mú password Microsoft yín wá. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n kí n yáa sọ ọ́ síta, géèmù tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn ni mò ń sọ. Tí ẹni tó ni server yín bá ti yí nǹkan padà síbẹ̀, òun ni kó o bi, má wá fi mí ṣẹ̀rí.

Red sand? Rárá. Red sand àti yanrìn funfun, gíláàsì kan náà ni wọ́n ń dì. Aró ló ń mú àwọ̀ wá, gíláàsì 8 pẹ̀lú aró kan ní àárín. Kùn ún kó o tó gé e sí pane, ìyẹn gíláàsì pẹlẹbẹ, o, torí aró kan náà tó ń kun odindi gíláàsì 8, pane 8 péré ló máa kùn tó o bá ti gé e tán.

Pane yẹn gan-an ni mo rò pé o nílò. Gíláàsì 6 ń di pane 16. Ká ní ògiri ẹ fẹ̀ tó búlọ́ọ̀kù 20, ó ga tó 10, o máa wá gíláàsì 200 tó bá jẹ́ odindi lo fẹ́ lò. Tó bá jẹ́ pane, 78 ti tó, ó ṣì máa ku pane 8. Furnace 8 á sun 78 yẹn láàárín ìṣẹ́jú méjì. Kó o fara balẹ̀ tò ó ṣáá, torí tó o bá gbé e síbi tí kò yẹ tó o wá fọ́ ọ, ó ti ṣòfò, kò ní padà sí ọwọ́ ẹ àfi tí Silk Touch, ìyẹn idán tó ń jẹ́ kí nǹkan bọ́ ní odindi, bá wà lára irinṣẹ́ ẹ. Tinted glass, ìyẹn gíláàsì dúdú, nìkan ni èèyàn lè fọ́ kó ṣì mú un padà, òun sì rèé, kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, kò lè wúlò fún ojú ilé ẹ.

Ó ku ìyá kan tó bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá ọmọ òun lè fi yanrìn etí òkun àti èédú gbìyànjú ẹ̀ lẹ́yìnkùlé bó ṣe rí i nínú géèmù. Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba nǹkan yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Yanrìn nìkan ò ní yọ́ àfi tí ooru bá sún mọ́ 1,700 digiri Celsius, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń da soda ash, ìyẹn ìyẹ̀fun kẹ́míkà kan, mọ́ ọn kó lè tètè yọ́, síbẹ̀ ooru yẹn ṣì kọjá ohun tí ojú ilé lè gbà. Àwọn baba wa ṣe é o, ní Igbó Olókun n'Ílé-Ifẹ̀, ó ti lé ní 600 ọdún, àwọn awalẹ̀pìtàn hú àwókù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́wàá tó gbé àdógán sílẹ̀. Ẹ bá a kó èédú yẹn padà sídìí àgbàdo.