Ọwọ́ sẹ́kọ́ǹdù tó ń yọ́ rìn kìí ṣe ẹ̀rí: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ ra Rolex àtijọ́ lórí ayélujára

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Súrùlérè ni mò ń gbé. Dádì mi máa pé àádọ́rin ọdún lóṣù tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ ra Rolex Datejust àtijọ́ fún wọn, irú èyí táwọn ọ̀rẹ́ wọn máa ń wọ̀ lọ sóde nígbà yẹn. Mo rí ẹnìkan lórí Instagram tó ń ta ọ̀kan ní ₦850,000, ó ní irú tí wọ́n ń pè ní 1601 ni, ti ọdún 1974. Ó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ọwọ́ sẹ́kọ́ǹdù rẹ̀ ń yọ́ rìn geere, kò fò rárá. Ó ní ó wúwo dáadáa, gíláàsì rẹ̀ sáfáyà ni, nǹkan ò lè ha á, ó ń tàn yanran lálẹ́, páálí àti ìwé rẹ̀ sì pé. Ó ní kí n san ìdajì kí ẹlòmíì má baà gbà á. Ṣé ọ̀ríjínà ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Irú ìbéèrè yìí ń wọlé sọ́dọ̀ mi ṣáá, orúkọ aago ló máa ń yàtọ̀, fídíò náà kìí yàtọ̀. Torí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ìbéèrè ẹ ṣe. O ní ṣé ọ̀ríjínà ni. Kò sẹ́ni tó lè wo fídíò lórí fóònù kó sọ fún ẹ pé ọ̀ríjínà ni, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ó ń tàn ẹ́ ni, tàbí kó jẹ́ pé òun náà ò mọ̀. Iṣẹ́ tí fọ́tò àti fídíò lè ṣe fún wa ni pé ká fi mọ èyí tí a máa kọ̀. Mi ò tíì fojú kan aago yẹn o, mi ò sì pe ẹni tó ń tà á ní gbájúẹ̀, ó lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe tà á fún òun náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tó o kọ síbí, tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní rà á, àwọn nǹkan tó fi ń yìn ín gan-an ni mo sì máa fi kọ̀ ọ́.

Ká mú ti ọwọ́ sẹ́kọ́ǹdù yẹn, torí òun ló ń bí mi nínú jù. Àwọn èèyàn ti gbà pé aago tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń fò kì, kì, kì, ẹ̀ẹ̀kan ní sẹ́kọ́ǹdù kan, fẹ́ẹ̀kì ni, èyí tó bá ń yọ́ rìn, ọ̀ríjínà ni. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Nígbà kan, púpọ̀ nínú fẹ́ẹ̀kì tí wọ́n ń tà káàkiri Balógun àti Ìdúmọ̀tà, bátìrì ló ń gbé e rìn, aago oníbátìrì sì ló sábà máa ń fò bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé Rolex tí àwọn bàbá wa rà bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, sípíríǹgì ló ń lò. Nígbà yẹn ó wúlò díẹ̀. Ìgbà yẹn ti lọ. Lónìí ẹ́ńjìnnì aago tí kò lo bátìrì ò wọ́n mọ́ rárá, Ṣáínà ń ṣe é, Japan ń ṣe é, ẹnikẹ́ni lè rà á kó gbé e sínú ara aago tó bá wù ú, kó wá kọ orúkọ tó bá wù ú sójú rẹ̀, gbogbo wọn pátá ló sì ń yọ́ rìn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò wá mọ̀ ni pé ọwọ́ tó ń yọ́ rìn yẹn, ó ń fò náà ni. Fífò rẹ̀ ló kéré tó sì yára débi tí ojú ò fi rí i. Inú ẹ́ńjìnnì, kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà tó ń yí lọ tó ń yí bọ̀, àwa oníṣẹ́ aago ń pè é ní bálánsì, iye ìgbà tí bálánsì bá lù ni ọwọ́ sẹ́kọ́ǹdù máa fò. Datejust 1601 ti 1974, ẹ́ńjìnnì 1575 ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, 19,800 ìgbà ló sì ń lù ní wákàtí kan. Tó o bá pín in, 55 ni láàárín sẹ́kọ́ǹdù 10. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Ṣáínà tí wọ́n ń kó sínú fẹ́ẹ̀kì báyìí, 28,800 ni tiwọn, ìyẹn 80 láàárín sẹ́kọ́ǹdù 10. Ṣó o ti rí i báyìí? Fẹ́ẹ̀kì ló ń yọ́ rìn ju ọ̀ríjínà àtijọ́ lọ! Rolex fúnra wọn, ọdún 1977 ni ẹ́ńjìnnì 3035 tó ń lu 28,800 jáde. Torí náà bí aago tí wọ́n pè ní ti 1974 bá ṣe ń rìn geere tó, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ara fu ẹ́ tó.

Tó o bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, sọ fún un kó ya fídíò míì ní slow motion, kó o fara balẹ̀ ka fífò rẹ̀ fún sẹ́kọ́ǹdù 10. Tó bá sún mọ́ 80, ẹ́ńjìnnì 1974 kọ́ nìyẹn, kó gbé e lọ. Tó bá jẹ́ 60, ẹ́ńjìnnì míì ló ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀, torí àwọn kan wà tó ń lu 21,600. Tó bá jẹ́ 55, má tíì yọ̀ o, ìyẹn kàn sọ fún wa pé kò tíì kùnà ni.

Ẹ̀gbẹ́ kejì irọ́ yìí ló wá burú jù. Rolex fúnra wọn ta aago oníbátìrì. Láti 1977 ni wọ́n ti ń ta èyí tí wọ́n ń pè ní Oysterquartz, wọ́n tà á fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ọwọ́ rẹ̀ sì ń fò lẹ́ẹ̀kan ní sẹ́kọ́ǹdù kan bíi ti aago tó wà lára ògiri. Opó kan gbé ti ọkọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ẹnìkan ti sọ fún un pé fẹ́ẹ̀kì ni torí pé ó ń fò, pé òun máa kàn bá a gbé e kúrò nílẹ̀ ní owó táṣẹ́rẹ́. Mo ṣí i lójú rẹ̀, mo fi ẹ́ńjìnnì hàn án. Ọ̀ríjínà pọ́ńbélé. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ràn ojú títì yìí ń jà lólè. Ilé iṣẹ́ aago Bulova náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aago Accutron ní 1960, bátìrì ló ń lò, ọwọ́ rẹ̀ sì ń yọ́ rìn ju ti Rolex kankan lọ. Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ má lo ọwọ́ sẹ́kọ́ǹdù yanjú nǹkan kan mọ́.

Àwọn ìyìn tó kù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Gíláàsì sáfáyà ló sọ? Datejust 1601, ike ni gíláàsì rẹ̀, ó máa ń ha, a sì máa ń fi pọ́líìṣì nù ún kó tún dán, ẹ̀yìn 1974 ni sáfáyà tó dé orí Datejust, tó o bá wá fi awò wo gíláàsì náà níbi nọ́ńbà 6 tó o rí adé kékeré tí wọ́n fi iná fín síbẹ̀, ìyẹn ò sí lára Rolex kankan títí wọ inú àwọn ọdún 2000. Pé ó wúwo? Ṣéènì Rolex ìgbà yẹn, inú rẹ̀ ṣófo, ó fúyẹ́, ó máa ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ lọ́wọ́, àwọn fẹ́ẹ̀kì tuntun ló ń wúwo. Pé ó ń tàn lálẹ́? Wo ìsàlẹ̀ ojú aago yẹn dáadáa, níbi nọ́ńbà 6, lára èyí tó ní ọ̀dà tó ń tàn, o máa rí T lẹ́gbẹ̀ẹ́ SWISS. T yẹn ni tritium, ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀dà náà tàn, agbára rẹ̀ sì máa ń dín sí ìdajì ní bí ọdún 12 sí ara wọn. Láti 1974 sí ìsinsìnyí, ohun tó kù níbẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Kò lè tàn yanran. Tó bá ń tàn, wọ́n ti tún ojú rẹ̀ kùn tàbí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé kò tiẹ̀ jẹ́ ti 1974 rí. (Ẹ̀yin tí ẹ ní aago tó ti wà ṣáájú àwọn ọdún 1960, ẹ má ha ọ̀dà ojú rẹ̀ o, ẹ má fẹ́ atẹ́gùn sí i, radium ni wọ́n máa ń lò nígbà yẹn, ó léwu tí èèyàn bá fà á símú, bí kò tiẹ̀ tàn mọ́.)

Èyí tó dára jù tó o lè ṣe láti orí ìjókòó ẹ nìyí: ní kó fa orí tí a fi ń wáíńdì aago jáde, kó yí dátì nìkan. Tí dátì bá ń yí tí ọwọ́ wákàtí dúró, ẹ́ńjìnnì 1575 kọ́ ló wà níbẹ̀, torí 1575 ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, àfi kéèyàn máa yí ọwọ́ aago kọjá agogo méjìlá òru kí dátì tó yí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta fẹ́ẹ̀kì ò mọ èyí, wọ́n á tiẹ̀ máa fi yangàn ni.

Ti páálí àti ìwé, ìwé ni ìwé, wọ́n ń tà á lọ́tọ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀. Ní November 2021, wọ́n ta Omega Speedmaster kan ní gbàǹjo Phillips ní Geneva, wọ́n pè é ní ti 1957, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta owó Switzerland. Ọdún 2023 ni Omega fúnra wọn jáde wá sọ pé àwọn ẹ̀yà ibi púpọ̀ ni wọ́n kó jọ ṣe aago náà, pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa aago dáadáa wà ní gbàǹjo yẹn o. Ṣé ìwé tó wà nínú páálí lórí Instagram ló máa wá dá wa lójú?

Ohun tí ọ̀rọ̀ Omega yẹn fi hàn ló yẹ kó o fi sọ́kàn, pé aago àtijọ́ kìí sábà jẹ́ fẹ́ẹ̀kì láti orí dé ẹsẹ̀. Bíi mọ́tò tókunbọ̀ ló rí, bọ́dì lè jẹ́ ti ibí, ẹ́ńjìnnì ti ọ̀hún, kí wọ́n wá kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú aago tí wọ́n tún kùn ní Íńdíà pọ̀ rẹpẹtẹ nínú ọjà, ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ lè jẹ́ ti Switzerland lóòótọ́. Nígbà míì, orúkọ nìkan ti tó. Ẹnìkan fi fọ́tò TAG Heuer ti 1972 ránṣẹ́ sí mi, TAG wà gàdàgbà lójú rẹ̀. Ọdún 1985 ni ilé iṣẹ́ TAG ra Heuer! Èyí tó bá jẹ́ ti 1972, Heuer nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Torí náà, kí wọ́n ṣí i. Fọ́tò mẹ́ta ni kó o béèrè, kí ó sì kọ orúkọ ẹ àti dátì ọjọ́ yẹn sórí bébà sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago kí o lè mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ni aago náà wà. Ọ̀kan, kí wọ́n tú ṣéènì kúrò, kó ya ẹ̀gbẹ́ aago ní apá nọ́ńbà 12, ibẹ̀ ni 1601 gbọ́dọ̀ wà, àti ní apá nọ́ńbà 6, ibẹ̀ ni nọ́ńbà aago gan-an wà. Nọ́ńbà yẹn ò gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà níwájú, torí ọdún 1987 ni Rolex bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà síwájú nọ́ńbà. Ìkejì, inú ìdérí ẹ̀yìn. Ìkẹta, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, kó hàn ketekete. Tó o bá rí 1570 lára rẹ̀ dípò 1575, má jẹ́ kó dà ẹ́ láàmú, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Wọ́n máa sọ fún ẹ pé táwọn bá ṣí i, omi á máa wọ̀ ọ́. Wáṣà rọ́bà tó ti wà níbẹ̀ láti 1974, tí wọn ò bá tíì pààrọ̀ rẹ̀, ó ti rà tipẹ́, omi á wọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣí i bí wọn ò ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ pàtàkì ló ń ṣí ẹ̀yìn Rolex, kìí ṣe ọ̀bẹ. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ ṣí i níwájú ẹ, gba aago lọ́wọ́ rẹ̀.

Tí fọ́tò bá wá dára, ẹ pàdé ní ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ aago, kìí ṣe ní ilé epo, kìí ṣe níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí ní Lékkí. Oníṣẹ́ aago tí ìwọ fúnra ẹ yàn o, má gba èyí tí ẹni tó ń tà á bá mú wá. Àwọn àgbà tó mọṣẹ́ ṣì wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, wọ́n máa gba owó díẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n ṣí i lójú ẹ, kí ẹ́ńjìnnì hàn, lẹ́yìn náà ni kó o ṣe tiráńsífà. Bí ẹni náà bá ní òun ò lè dé Ìsàlẹ̀ Èkó, tàbí pé ẹlòmíì ti ń san owó, sọ fún un pé kó tà á fún ẹlòmíì. Oníṣẹ́ aago náà lè ṣàṣìṣe, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ búra, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dára jù tá a ní nìyẹn.

Owó náà ńkọ́? Datejust 1601 tó bá dáa, ẹgbẹ̀rún dọ́là bíi mélòó kan ni lókè òkun, fi náírà ṣírò rẹ̀ fúnra ẹ, kó o wá bi ara ẹ léèrè ìdí tẹ́nìkan fi máa tà á fún ẹ ní ₦850,000. Tó bá jẹ́ pé iye tó o ní nìyẹn, ra Seiko tàbí Tissot tuntun tó ní gàráńtì fún Dádì, wọ́n máa wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀, kò sì sí ẹni tó máa tú wọn fó lójú ọ̀rẹ́ wọn. Kó o tó rà á, bi Mọ́mì bóyá aago àtijọ́ kan wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀pọ̀ àwọn bàbá ọjọ́ orí wọn ló ní ọ̀kan. Tó bá wà, má wáíńdì ẹ, má ṣí i, gbé e wá ká wò ó, iṣẹ́ rẹ̀ lè parí kí ọjọ́ ìbí tó pé.