Ẹmu tó kan, ṣé fínígà ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Oúnjẹ òde àríyá ni mò ń sè n'Íbàdàn. Ẹmu gálọ́ọ̀nù kan ṣẹ́ kù níbi ìgbéyàwó tí a ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo dé e pa, ó sì ti kan, kò ṣeé mu mọ́. Ẹnìkan ní kí n má dà á nù, pé ó ti di fínígà. Mo bù ú mọ́ òróró pé kí n fi ṣe èyí tí à ń dà sórí sàláàdì, àfi bí òróró ṣe léfòó lójú mi. Ṣé ẹmu náà ni kò dáa ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n pò?

Ìdáhùn: Ẹ má dà á nù o, àmọ́ ẹ má tíì pè é ní fínígà.

Kíkan yàtọ̀ síra. Omi ògì kan, ṣùgbọ́n kì í ta èèyàn nímú. Lactic acid ló wà nínú rẹ̀, àwọn bakitéríà tó ń ṣe é kò sì nílò afẹ́fẹ́. Wọ́n wà nínú ẹmu náà, àwọn ló sì lágbára jù nínú gálọ́ọ̀nù tí ẹ dé pa. Acetic acid ní tirẹ̀ ni ti fínígà. Inú ọtí ni bakitéríà mìíràn, Acetobacter, ti ń ṣe é, láìsí afẹ́fẹ́ kò sì lè ṣiṣẹ́ kankan. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n pè é ní ọtí kíkan: ó ní láti kọ́kọ́ di ọtí ná.

Oje ọ̀pẹ dùn nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sínú akèrègbè. Ṣúgà inú rẹ̀ tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti àná tó lẹ̀ mọ́ akèrègbè adẹ́mu kún fún ìwúkàrà, òun ló ń sọ ṣúgà yẹn di ọtí, òun náà ló sì ń mú kí ẹmu máa hó. Ibi tí ọtí bá dé ni fínígà ti lè bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹmu yín, kí ẹ dà á sínú ìgò ẹlẹ́nu gbẹ̀ǹgbẹ̀ títí dé ìdajì. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ so ó kí eṣinṣin ẹmu má baà wọlé. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù, torí kíkan yìí máa ń jẹ ẹ́. Ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ tí oòrùn kì í dé fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lè bo ojú rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, Acetobacter ló hun ún. Àmọ́ bó bá hu irun, tàbí tó dúdú, tàbí tó ní àwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ dà nù. Bí òórùn rẹ̀ bá ta yín nímú, ó ti jinná. Ẹ rọ ọ́ kún ìgò dé ẹnu, kí ẹ wá dé e pa. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣì ń wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí ọtí tán, Acetobacter kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kíkan ọ̀hún.

Ẹ̀rù kan ló ń bà mí: omi tí àwọn ẹlẹ́mu máa ń bù là á. Ìdá kan ọtí nínú ọgọ́rùn-ún kì í mú ju nǹkan bí ìdá kan acetic acid wá, fínígà inú ṣọ́ọ̀bù sì máa ń ní mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹ fi tiyín sí ọbẹ̀ àti sàláàdì, ẹ má fi í tọ́jú ata sínú ìgò fún oṣù gbọọrọ.

Ní ti òróró, ẹ̀bi yín kọ́, ẹ̀bi ẹmu náà kọ́. Omi ló pọ̀ jù nínú fínígà. Bí ẹ bá lù ú pọ̀, òróró á fọ́ sí wẹ́wẹ́, àmọ́ kí ẹ tó gbé ṣíbí sílẹ̀, ẹ̀kán tibí ti bá tọ̀hún. Pupa ẹyin ní lecithin, tí apá kan rẹ̀ ń di omi mú, tí apá kejì ń di òróró mú, kò ní jẹ́ kí ẹ̀kán méjì fara kanra. Ẹ lu pupa ẹyin kan mọ́ fínígà ṣíbí kan, kí ẹ máa kán òróró sí i díẹ̀díẹ̀ láìdáwọ́ lílù dúró, títí á fi ki. Bó bá já mọ́ yín lọ́wọ́, tí òróró yapa, ẹ mú pupa ẹyin mìíràn sínú abọ́ mìíràn, kí ẹ máa kán èyí tó já sínú rẹ̀. Á padà bọ̀ sípò.

Ṣùgbọ́n fún òde àríyá, níbi tí oúnjẹ ti ń dúró nínú ooru, mi ò ní fi ẹyin tútù sí i láéláé. Ẹ fi mústádì rọ́pò rẹ̀: mústádì ṣíbí kékeré kan, fínígà ìwọ̀n kan, òróró ìwọ̀n mẹ́ta nínú ìgò. Ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa kí ẹ tó dà á.