Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Léèrè: "Àǹtí, kí ni mo ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mò ń gbé, àbúrò mi ọkùnrin wà lọ́dọ̀ mi. Ó ti tó ọdún kan àbọ̀ tó ti ń gbọ́ ohùn táwa ò gbọ́, a gbé e lọ ọsibítù, wọ́n fún un lóògùn, ara ẹ̀ sì ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Màmá wa wá wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, fíìmù Yorùbá ni wọ́n ń wò láàárọ̀ lálẹ́, ni wọ́n bá rí ọ̀kan tí bàbá kan ti ya wèrè, ó jẹ́wọ́ láàárín ọjà, orí ẹ̀ sì pé lójú ẹsẹ̀. Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pe ọmọ yẹn sí yàrá pé kó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe. Lálẹ́ Sátidé ó wá bá mi ní kíṣìnì níbi tí mo ti ń fọ abọ́, ó ní "Àǹtí, kí ni mo ṣe?" Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fíìmù náà ló rí?
Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o. Kẹ́ ẹ tó ka ìyókù, ẹ lọ sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹ lọ ná, mo ń dúró.

Ó dáa. Èmi náà fẹ́ràn fíìmù wa gan-an, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi lè sọ bí wèrè ṣe máa wọlé kẹ́ ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n: aṣọ á ya, irun á ta kókó, èédú lójú, bàgì sìmẹ́ǹtì léjìká, á máa rẹ́rìn-ín, á máa jó. Ẹni náà sì ti jẹ ogún ọmọ òrukàn, tàbí ó ti fi èèyàn ṣoògùn owó, tàbí orogún ló fi nǹkan sóúnjẹ ẹ̀. Àárọ̀ ló ń ya wèrè, ìrọ̀lẹ́ ti bá a lọ́jà. Kò sẹ́ni tó máa ṣe fíìmù ọmọkùnrin tó ń pa fóònù ẹ̀ torí ó rò pé wọ́n ń fi gbọ́ òun, tí ò wẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó ń fura sí ọbẹ̀ ìyá ẹ̀, tí ò sùn lóru, tó sì jẹ́ pé ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣì mọ́, oṣù mẹ́fà á ti lọ kẹ́nikẹ́ni tó fura. Ta ló fẹ́ ra ìyẹn? Bẹ́ẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ nìyẹn, àwa wá jókòó, à ń retí àkísà.

Ti òyìnbó náà ò sàn púpọ̀. Fíìmù kan wà tí wọ́n ṣe ní 2001 nípa John Nash, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1994, inú fíìmù yẹn ó ń rí àwọn èèyàn tí ò sí, ó ń bá wọn ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ohùn ni Nash fúnra ẹ̀ ń gbọ́. Kámẹ́rà ò lè ya ohùn, ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ di èèyàn. Èyí tó burú jù ni tàwọn tó máa ń sọ gbogbo alárùn ọpọlọ di apààyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, àwa là ń sọ òkò lù wọ́n ní pópó.

Ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ yẹn, wákàtí méjì ni fíìmù ní, ó gbọ́dọ̀ parí. Oògùn gidi máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó mú dáadáa, tí wọ́n bá sì dá a dúró lójijì torí pé ara ti yá, ó lè padà wá. Tẹ́ ẹ bá rí i tọ́wọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n tó bá gbé kọ́ọ̀bù tíì, tàbí tó ń rìn bíi pé wọ́n fi igi há a lẹ́yìn, oògùn ló sábà máa ń fa ìyẹn, ẹ sọ fún dókítà, wọ́n ní ohun tí wọ́n máa fi bá a dín in kù.

Ẹ bá Màmá sọ̀rọ̀ bí Yorùbá. Ẹ ní àwọn baba wa gan-an ò fi ìjẹ́wọ́ nìkan wo wèrè, wọ́n ń wa gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ. Igi yẹn ní èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine nínú, táwọn dókítà òyìnbó náà lò fún àìsàn yìí kan náà láwọn ọdún 1950. (Ẹ má lọ sè é fún un o! Oògùn ọsibítù àti àgbo ò gbọdọ̀ pàdé nínú ẹ̀.) Ẹ tún sọ ti Aro fún wọn, l'Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Thomas Adeoye Lambo ti ní káwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn láti 1954, kí wọ́n máa lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Ẹbí tó ń sè tó ń fọ̀ wà lára ìtọ́jú yẹn. Ẹ fi aago oògùn alẹ́ lé Màmá lọ́wọ́, wọ́n á fẹ́ràn ẹ̀ ju fíìmù lọ.

Ẹ̀gbọ́n, Kaduna ni mo wà, mo ń ṣe tíátà. Dírẹ́kítọ̀ ní kí n ṣe wèrè tí wọ́n fi iná mànàmáná sí lórí, kí n máa jà bí ẹja. Báwo ni kí n ṣe é?
Òṣèré, Barnawa

Ọmọ Barnawa, ọsibítù ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ wà ládùúgbò yín níbẹ̀ kẹ̀, dírẹ́kítọ̀ yín ò ì wọbẹ̀ rí nìyẹn. Ìtọ́jú oníná yẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é lónìí, wọ́n á kọ́kọ́ fún ẹni náà lóògùn oorun àti èyí tó ń dẹ iṣan, o lè máà rí ju ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó ń mì lọ. Jíjà bí ẹja, ti fíìmù àtijọ́ ni. Wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́. Tó o bá ń sọ̀rọ̀, dákẹ́ láàárín gbólóhùn, yí orí díẹ̀ bíi pé wọ́n pè ọ́ láti yàrá kejì, kó o wá padà sọ́dọ̀ ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀, kó o bi í pé "kí lẹ wí?"