Ṣé Ọkọ̀ Tó Ń Wa Ara Rẹ̀ Lè Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Awakọ̀ Mi ní Ìbàdàn?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin ẹnjiníà wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní Micra mẹ́ta tó ń ṣe takisí láàárín Challenge àti Ìwó Road, mo sì ní bọ́ọ̀sì kan tó ń ná Èkó. Wàhálà awakọ̀ ti sú mi. Èyí á ní èrò ò sí lójú ọ̀nà, tọ̀hún á ba ọkọ̀ jẹ́, á sì gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta tòkunbọ̀ fi ọkọ̀ oníná kan hàn mí, Tesla láti Amẹ́ríkà. Ó ní ó ń wa ara rẹ̀, mi ò ní nílò awakọ̀ mọ́, owó tí mo bá yá rà á yóò sì padà wọlé láàárín ọdún kan. Ṣé òótọ́ ni? Ọmọkùnrin mi tó wà ní Pólì Ìbàdàn náà fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ irú ọkọ̀ yìí dára láti kọ́.
Alhája ọlọ́kọ̀, Challenge

Ìdáhùn:

Alhája, ẹ kú làálàá, Ọlọ́run yóò fi èrè sí i. Ẹ má ra ọkọ̀ náà nítorí ohun tí ọ̀gbẹ́ni yẹn sọ, ẹ má sì yá owó kankan lé e lórí. Ọkọ̀ gidi lè ni o, ó sì lè ní ohun èlò tó wúlò nínú, ṣùgbọ́n lónìí, ní Amẹ́ríkà tàbí níbòmíràn, kò sí ọkọ̀ kan tí wọ́n ń tà fún ará ìlú tí ẹ lè gbé sójú títì kí ó máa kó èrò láìsí ènìyàn tó ń mójú tó o.

Àjọ àwọn ẹnjiníà ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní SAE ti pín iṣẹ́ ìwakọ̀ láàárín ènìyàn àti ẹ̀rọ sí ìpele mẹ́fà láti ọdún 2014, wọ́n sì ń kà á láti òdo títí dé 5. Micra yín wà ní òdo, níbi tí awakọ̀ ti ń ṣe ohun gbogbo. Ní ìpele 2, kọ̀ǹpútà lè di sítíárìn mú, ó lè tẹ bírékì, ó sì lè mú kí ọkọ̀ sáré sí i, ṣùgbọ́n ojú awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́nà, torí òun ni yóò gba ọkọ̀ padà nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣìnà, ẹ̀rọ náà sì lè ṣìnà láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní ìpele 3, ọkọ̀ lè gba iṣẹ́ náà fúngbà díẹ̀ ní ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n yàn, bí irú èyí tí Mercedes-Benz gbàṣẹ rẹ̀ ní Jámánì ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, tí eré rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju kìlómítà 60 ní wákàtí kan lọ nígbà náà. Ìpele 4 ni ọkọ̀ tí kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀, àdúgbò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un nìkan ló sì lè rìn. Ìpele 5, ìyẹn ọkọ̀ tó lè lọ síbikíbi tí ènìyàn lè wakọ̀ dé, kò tíì sí.

Ìpele 2 ni ọkọ̀ tí wọ́n fi hàn yín. Ní ọdún 2024, Tesla fúnra rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ kún orúkọ sọ́fítíwíà tó ń bá awakọ̀ wa ọkọ̀ náà kí ó lè hàn gbangba pé ènìyàn gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ, ìwé ìtọ́ni ọkọ̀ náà sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọkọ̀ wọn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ní láti tún sọ́fítíwíà rẹ̀ ṣe, nítorí àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó níbẹ̀ rí i pé ohun tó ń pe awakọ̀ sí àkíyèsí kò lágbára tó. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń ṣí sọ́fítíwíà náà fún, Nàìjíríà kò sí lára wọn, Tesla kò sì ní ibi tó ti ń ta ọkọ̀ tàbí tó ti ń tún un ṣe ní orílẹ̀-èdè wa.

Àwọn tó ń ṣe takisí aláìláwakọ̀ ní tòótọ́ wà. Waymo, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìwádìí nínú Google ní ọdún 2009, ń gbé èrò tó ń sanwó ní Phoenix, ní San Francisco, ní Los Angeles àti ní àwọn ìlú mìíràn, láìsí ẹnikẹ́ni nídìí ọkọ̀. Baidu ń ṣe irú rẹ̀ ní Wuhan ní Ṣáínà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbé iṣẹ́ náà ró. Lára ọkọ̀ Jaguar tí Waymo ń lò, kámẹ́rà 29 ló wà, pẹ̀lú ráda, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò mọ ohun tó wà níwájú, àti lidar, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ta ìmọ́lẹ̀ léṣà jáde, tó sì ń fi àkókò tí ìmọ́lẹ̀ náà fi padà wá mọ bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó. Kí wọ́n tó gbé èrò kan ní àdúgbò kan, wọ́n á ti ya máàpù rẹ̀ dé orí etí títì, iná adarí ọkọ̀ àti ìlà ojú ọ̀nà. Wọ́n ní ọgbà tí wọ́n ti ń gbaná sí ọkọ̀, tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ti ń nu ojú kámẹ́rà. Wọ́n tún ní òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lọ́nà jíjìn, tí ọkọ̀ lè bi léèrè nígbà tí ohun tó wà níwájú bá rú u lójú. Nítorí náà, kì í ṣe pé iṣẹ́ awakọ̀ pòórá. Wọ́n pín in fún ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn ni, gbogbo wọn ló sì ń gbowó oṣù.

Owó ńlá ni ọ̀rọ̀ náà ń gbà. General Motors ná ohun tó ju bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là lórí Cruise, ilé iṣẹ́ takisí aláìláwakọ̀ rẹ̀, kí ó tó kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 pé òun kò ná owó lórí takisí aláìláwakọ̀ mọ́. Argo AI, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ aláìláwakọ̀ tí Ford àti Volkswagen jọ dáwó lé lórí, ti kógbá sílé ní ọdún 2022. Nígbà tí irú àwọn wọ̀nyí ò rí èrè kó nílé, mi ò mọ ibi tí ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ ti rí ìṣirò ọdún kan tó ṣe fún yín.

Ìṣirò náà gan-an kò bá ilẹ̀ wa mu. Ní Amẹ́ríkà, owó iṣẹ́ awakọ̀ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó takisí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá bí wọn yóò ṣe yọ ọ́. Níhìn-ín, ẹ̀yin mọ ìwé ìnáwó yín jù mí lọ: epo, táyà, mẹkáníìkì, tíkẹ́ẹ̀tì gáréèjì, àti iye tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá tilẹ̀ yọ awakọ̀ kúrò, èyí tó tóbi jù nínú ìnáwó yín ṣì wà níbẹ̀, ẹ ó sì ti fi ọkọ̀ tó wọ́n ju Micra lọ fíìfíì rọ́pò rẹ̀. Awakọ̀ yín sì ń ṣe ju wíwa ọkọ̀ lọ. Òun ló ń pe èrò pé kí wọ́n wọlé pẹ̀lú ṣéńjì wọn, òun ló ń gbowó, òun ló ń bá àwọn ọmọ gáréèjì sọ̀rọ̀, tí táyà bá sì jò ní Mọ́kọ́lá, ó mọ ẹni tí yóò lẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí ènìyàn wà. Ní alẹ́ kan ní oṣù Kẹta ọdún 2018, ní ìlú Tempe ní ìpínlẹ̀ Arizona, ọkọ̀ tí Uber fi ń dán irú ẹ̀rọ yìí wò pa obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá títì. Àwọn olùwádìí ìjọba rí i pé ẹ̀rọ náà ti rí obìnrin yìí ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ó lé díẹ̀ kí ó tó gbá a, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí yóò pè é. Ó pè é ní ọkọ̀, ó pè é ní ohun mìíràn, ó pè é ní kẹ̀kẹ́, ní gbogbo ìgbà tó bá sì yí èrò padà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ibi tí obìnrin náà ń lọ láti ìpilẹ̀. Wọn kò kọ ọ́ sínú sọ́fítíwíà náà pé ẹlẹ́sẹ̀ lè kọjá níbi tí kò sí ìlà tí wọ́n fà fún ìkọjá. Alhája, níbo ni ìlà yẹn wà ní Ọjà Bódìjà?

Ẹ tún wo Ìwó Road ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Micra kan fẹ́ yà sọ́tùn-ún, kò tan iná kankan, ọwọ́ ló nà jáde lójú fèrèsé. Ọlọ́kadà méjì ti gba àlàfo tó wà láàárín. Òṣìṣẹ́ OYRTMA tó ń darí ọkọ̀ ń fi ọwọ́ kan pe ọ̀wọ́ ọkọ̀ kan, ojú ló fi ń dá ọ̀wọ́ kejì dúró, awakọ̀ yín sì lóye gbogbo rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu. Lásìkò ọdún egúngún, nígbà tí Alápáńsánpá bá jáde, ọ̀nà tó ṣí láàárọ̀ lè dí kó tó di ọ̀sán. Ní San Francisco tí gbogbo nǹkan ti wà létòlétò, iná ọba lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, iná adarí ọkọ̀ kú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Waymo sì dúró gbagidi sí oríta títí ilé iṣẹ́ náà fi dá iṣẹ́ dúró fúngbà díẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ iye ìgbà tí iná ń lọ ní Ìbàdàn.

Ní ti òfin, ìlànà ìrìnnà ojú pópó Nàìjíríà ti ọdún 2012 gbà pé ènìyàn tó ní láísẹ́ẹ̀sì ló wà nídìí ọkọ̀. Tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó jókòó síbẹ̀ àti ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ni wọn yóò mú. Ní ọ̀rọ̀ Tempe tí mo sọ, òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ọkọ̀ ló jẹ̀bi nílé ẹjọ́ ní ọdún 2023. Ìjọba kò fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan ilé iṣẹ́ náà.

Mi ò sọ pé kí ẹ sá fún gbogbo ohun tó ní kámẹ́rà àti ráda o. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ọlọ́kọ̀ Ìbàdàn máa wá ni bírékì tó ń tẹ ara rẹ̀ nígbà tí ewu bá yọ níwájú. Ìwádìí IIHS, àjọ tó ń ṣèwádìí ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ó ń dín ìjàǹbá kí ọkọ̀ kan máa gbá ìdí òmíràn kù ní ìlàjì. Kì í ṣe ọkọ̀ olówó gọbọi nìkan ló ní in: Toyota Corolla tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti mọ́dẹ̀lì ọdún 2017 ti ní in láti ilé iṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ Micra kan lọ́jọ́ iwájú, irú èyí ni kí ẹ fi ojú sí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mò ń rí lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn àmì Toyota tó wà níwájú ọkọ̀ ni ráda rẹ̀ máa ń wà, kámẹ́rà sì wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú, lókè nítòsí díńgí. Tòkunbọ̀ tó ti gbá nǹkan ní Amẹ́ríkà á dé ibí, wọ́n á ra bọ́ńpà àlòkù fún un, irin tó di ráda mú tó ti tẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n á fi òòlù nà, wọ́n á pààrọ̀ gíláàsì, wọ́n á sì fọ́n ọ̀dà sí gbogbo rẹ̀ títí á fi máa dán. Ojú kò lè rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ráda bá fi dígírì kan péré yẹ̀, ibi tó ń wò ní ọgọ́rùn-ún mítà níwájú ti sún ní mítà 1.75, ó sì lè máa ka ọkọ̀ tó wà ní ọ̀nà kejì sí èyí tó wà níwájú yín gan-an. Ó lè tẹ bírékì lójijì níbi tí kò yẹ ní ọ̀nà Èkó, tàbí kí ó má tẹ̀ ẹ́ níbi tó yẹ. Gíláàsì tuntun náà ń béèrè pé kí wọ́n tún kámẹ́rà tò, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, pẹ̀lú pátákó tí wọ́n wọn ibi tí yóò dúró níwájú ọkọ̀, àti ẹ̀rọ skánà tó bá ọkọ̀ náà mu.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ mú riwáyà tó ní skánà dání, kí ó ka gbogbo àṣìṣe tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ níṣojú yín, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ gíláàsì tàbí bọ́ńpà. Kí ẹni tó ń tà á kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú rìsíìtì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ènìyàn dúró níwájú ọkọ̀ láti fi dán bírékì náà wò.

Ní ti àwọn awakọ̀ tó wà lọ́wọ́ yín, owó tí ẹ fẹ́ lọ yá kò ní ṣe wọ́n ní ohun tí onídùúró gidi, àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí, àti tírákà tó ń fi eré sísá àti bírékì òjijì hàn yóò ṣe. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Èkó ni kí ẹ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń sáré jù.

Ọmọ yín ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, kí ó kọ́ ọ, mo fi gbogbo ọkàn sọ ọ́. Kí ó má retí takisí aláìláwakọ̀ ní Dùgbẹ̀ láìpẹ́. Inú ọgbà tí kò sí èrò ni irú ọkọ̀ yìí ti máa ń kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀: ọkọ̀ akẹ́rù Komatsu tí kò ní awakọ̀ ti ń kó òkúta ní ibi ìwakùsà kan ní Chile láti ọdún 2008. Bí ó bá dé Ìbàdàn, mo rò pé ibi ìfọ́kúta, tàbí ọgbà bíi ti IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, tó ní ọ̀nà tirẹ̀, ni a ó ti kọ́kọ́ rí i. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ báyìí ni títo ráda àti kámẹ́rà àwọn tòkunbọ̀ tó ń wọlé, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ní ìlú yìí kò sì pọ̀. Kí ó kọ́ iná ọkọ̀ láti ìpilẹ̀, kí ó mọ bí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà CAN, kí ó sì kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ sọ́fítíwíà, pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó bá ń lọ fún SIWES, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe níta, kí ó wá ṣọ́ọ̀bù tó ní skánà àti pátákó ìtokámẹ́rà, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ibẹ̀, kí ó tó gba lẹ́tà, bóyá wọn yóò jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn wọ́n.