Tọ́ọ̀pù sílíńdà tó sán: ẹ má jẹ́ kí wọ́n jó tiyín bí wọ́n ṣe jó tèmi

Mo ka ìbéèrè yín pé tọ́ọ̀pù sílíńdà Corolla yín (ìdérí ẹ́ńjìnnì níbi tí àwọn fáàfù wà) sán láàrin ihò fáàfù méjì lẹ́yìn tí ọkọ̀ náà gbóná kọjá ààlà ní ọ̀nà Òǹdó sí Àkúrẹ́, pé ajórinmọ́rin kan ti ní òun lè jó o, àti pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ gbé e fún un tàbí kí ẹ ra tòkunbọ̀. Èmi gbé tèmi fún irú rẹ̀ rí.

Ní ọdún 2017, Camry ni mo ń wà. Mẹkáníìkì mi mú mi lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní Àkúrẹ́ tí ó ti fi bí ogún ọdún jó gèètì àti ṣasí ọkọ̀ akẹ́rù. Alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ irin ni ọ̀gá fi mú un: ó tan iná gáàsì sí i, ó sì ń dúró kí ó pọ́n. Ibi tí irin ti ń pọ́n kí ó tó yọ́, alumíníọ̀mù kì í fi àwọ̀ kankan kìlọ̀ lójú ọ̀sán. Ní ìwọ̀n 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó ń yọ́, èyí tí wọ́n fi ń da tọ́ọ̀pù sì tètè ń yọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí sílíkọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀. Ojú mi ni ara tó wà láàrin ihò méjèèjì ṣe rọ̀ bí òrí tí oòrùn pa, tí ó sì já bọ́ sílẹ̀ pọ̀ọ́.

Kàkà kí ó jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára òun, ó yọ́ àfọ́kù písítìn, ó fi dí ihò náà, ó fi fáìlì fá ojú rẹ̀, mẹkáníìkì mi sì fi àwọn bóòtù àtijọ́ dè é padà. Mo wakọ̀ dé Ọ̀wọ̀ láìsí ìyọnu. Nígbà tí mo ń padà bọ̀ ni èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́yìn mi. Mo dúró, mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, mo sì bá ohun tí ó dà bí ògì tí a bu mílíìkì sí ní ẹnu rẹ̀. Omi ti wọ inú ọ́ìlì. Orí ìnira yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ojú pópó bá mi, tí wọ́n ní mo dí ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó bi mí pé kí ló ṣe ọkọ̀, ìwé ọkọ̀ ni wọ́n ń béèrè. Owó ìtanràn àti owó ọkọ̀ tí ó fà mí wálé ju iye tí ajórinmọ́rin gbà lọ.

Mo tọ onímọ̀ ẹ̀rọ kan lọ, ó sì fi wákàtí kan gbáko ya àwòrán lórí pátákó láìbojú wo ohun tí mo gbé dání. Ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ ni ó là mí lójú. Ó ní bí àwọn tó ń da ìkòkò ṣe ń lo yanrìn náà ni àwọn tó ń da tọ́ọ̀pù ṣe ń lò ó: yanrìn tí wọ́n fi oje lẹ̀ pọ̀ ni wọ́n ń gbé sí ibi tí omi yóò máa gbà kọjá, wọn a sì gbọ̀n ọ́n dànù bí tọ́ọ̀pù bá ti tutù. Ṣùgbọ́n kò sí ìkòkò tí wọ́n ń dá padà sínú ooru bí 540, kí wọ́n tún rì í bọ omi lójijì, kí wọ́n tún yan án fún ọ̀pọ̀ wákàtí ní ooru tí kò tó 200 kí ó lè le, bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀pù. Ibi tí iná ajórin bá ti kàn, líle yẹn ti dẹ̀ nìyẹn. Awọ tín-ín-rín kan sì tún wà lójú alumíníọ̀mù tí kì í yọ́ àfi bí ooru bá lé ní 2,000, nígbà tí ara tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ń ṣàn bí omi. TIG, irú ẹ̀rọ ìjórin tí ń lo iná mànàmáná AC, ni ó ń fọ́ awọ náà, gáàsì argon rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn dé ibẹ̀. Ẹni tí kò bá ní méjèèjì, ẹ gbé tọ́ọ̀pù yín kúrò níwájú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n yọ thermostat yín sọnù, ìyẹn ohun tí ń dí omi rédíétọ̀ lọ́nà títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó. Wọn a ní Nàìjíríà gbóná, bí ẹni pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ kò mọ̀ pé oòrùn wà. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní i kì í tètè dé ìwọ̀n ooru tí wọ́n ṣe é fún, epo ni yóò sì máa jó dànù. Omi kànga nínú rédíétọ̀ tún ń jẹ alumíníọ̀mù láti inú wá.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ìbéèrè yín. Ẹ ra tòkunbọ̀. Ibi tí tiyín ti sán gan-an ni òrùka irin tí fáàfù ń jókòó lé wà, ooru ajórin sì lè tú u, kódà bí ẹ bá rí ẹni tó ní TIG. Ẹ jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ fi omi àti atẹ́gùn dán an wò kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n sì fi fílà géèjì, àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a fi ń wọn àlàfo, wọn ojú rẹ̀ bóyá ó tẹ̀. Ìtẹ̀ tí Toyota gbà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju 0.05 mm lọ. Bí ó bá ti tẹ̀, wọ́n lè gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó tọ́, ṣùgbọ́n ibi tí camshaft, ọ̀pá tí ń ṣí àwọn fáàfù, ń gbà yí lókè yóò ṣì wọ́. Bóòtù tuntun, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun. Mẹkáníìkì yín mọ ìyókù.

Àwọn tó ń da ìkòkò ni mo ta tọ́ọ̀pù mi àkọ́kọ́ fún.