Ìbéèrè Yín: Ta Ló Gba Fíìmù Yìí Láàyè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. A wo fíìmù Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ṣe ní 1936, igbó mímu àti ìṣekúṣe ló kún inú ẹ̀. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ní òfin fíìmù le gan-an níbẹ̀ nígbà yẹn. Báwo ló ṣe wá jáde? – Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ó jọ pé *Reefer Madness* lẹ wò. Òótọ́ ni pé òfin le, àmọ́ òfin ẹgbẹ́ ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Hollywood ló ṣe é láàárín ara wọn, tí Joseph Breen sì ń mú un ṣẹ láti 1934. Nígbà yẹn, ọmọ ẹgbẹ́ tó bá gbé fíìmù jáde láìgba èdìdì àṣẹ lọ́dọ̀ Breen yóò san ìtanràn 25,000 dọ́là. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́, kí ló kàn án? Kò kàn ní rí ilé sinimá ẹgbẹ́ lò ni, á gbé fíìmù rẹ̀ sínú mọ́tò, á máa háyà gbọ̀ngàn kiri.

Sẹ́ńsọ̀ ìjọba, ìyẹn àwọn tó ń yẹ fíìmù wò kí wọ́n tó gbà á láàyè, ló ń da àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí láàmú. New York, Ohio àti àwọn ìpínlẹ̀ mélòó kan ní tiwọn nígbà náà. Àwọn tó ṣe fíìmù á wá kọ ọ̀rọ̀ síwájú rẹ̀ pé ìkìlọ̀ fún òbí ni (ẹni tó bá fẹ́, kó gbà á gbọ́). Wọ́n á tún ṣe ẹ̀dà méjì: èyí tútù, tí wọ́n ti yọ ìran ìṣekúṣe kúrò, fún sẹ́ńsọ̀, èyí gbígbóná, tó ṣì ní in, fún ìlú tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ wọn.

Gígé ìran gbígbóná kúrò láti fi pa mọ́ fún sẹ́ńsọ̀ kò le. 90 ẹsẹ̀ bàtà fíìmù 35mm ló ń kọjá nínú ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìran ìdajì ìṣẹ́jú jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 45, tí a bá ká a, ó wọ àtẹ́lẹwọ́. Láti lẹ̀ ẹ́ padà, wọ́n á ha ojú tí àwòrán wà kúrò ní etí kan, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù fíìmù sí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Bí wọn ò bá ha á mọ́, á já lẹ́nu ẹ̀rọ. Ohun tó sábà ń tú wọn fó ni ohùn: ó máa ń ṣáájú àwòrán rẹ̀ ní bíi férémù 20 (férémù ni àwòrán kọ̀ọ̀kan tó tò lórí fíìmù) lórí fíìmù kan náà, nítorí náà ibi yòówù kí wọ́n gé, ọ̀rọ̀ á fò.

Bí èrò bá ń bínú pé ẹ̀dà tútù làwọn sanwó wò, wọ́n lè fi rọ́ọ̀lù kékeré kan tó gbóná kún un nígbẹ̀yìn, kí wọ́n má baà fọ́ àga.